Lọ́yà ọ̀fẹ́ tàbí lọ́yà olówó: ta ni kó gbèjà ẹni tí ọlọ́pàá mú?

Nígbà tí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye tí lọ́yà máa gbà. Kò burú kí wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹjọ́ ọ̀daràn ní Nàìjíríà lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì máa ń sún un síwájú léraléra, nítorí náà ohun tó jù ni ẹni tí yóò ṣì máa dúró ti olùjẹ́jọ́ nígbà tí ó bá ti rẹ ẹbí, tí owó sì ti tán. Mo kọ ìfiwéra yìí fún àwọn tó wà ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò mú nínú ọ̀nà mẹ́rin tó wà nílẹ̀: lọ́yà tí a fi owó wá, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀, Ọ́fíìsì Olùgbèjà Aráàlú ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní OPD, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbani sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà karùn-ún náà wà, ìyẹn kí ènìyàn dá gbèjà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba àyè púpọ̀ níbí.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni bí agbẹjọ́rò náà ṣe lè tètè dé àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé afurasí lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ó sọ pé kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó tún sọ pé kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù kan bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé yàtọ̀. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́, tí wọ́n ń pè ní IPO, á ní kí afurasí sọ tẹnu rẹ̀. Afurasí á sọ ọ́ ní Yorùbá, IPO á kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò mọ̀wé á sì tẹ̀ka sí ohun tí kò lè kà. Tó bá di ọdún kan tàbí méjì sígbà náà, ìwé yẹn kan náà ni agbẹjọ́rò ìjọba á gbé síwájú adájọ́ pé olùjẹ́jọ́ ti jẹ́wọ́. Bí olùjẹ́jọ́ bá ní lílù ni wọ́n lu òun kí òun tó tẹ̀ka, adájọ́ á ní láti dá ẹjọ́ gangan dúró, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti lílù náà, oṣù á sì tún máa gorí oṣù.

Nítorí irú èyí ni òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó fi ní kí wọ́n ya fídíò ẹni tó ń jẹ́wọ́, tàbí kí agbẹjọ́rò rẹ̀ jókòó tì í. Òfin ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2015, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, náà fàyè sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council tàbí ẹnikẹ́ni tí afurasí bá yàn wà níbẹ̀. Lọ́yà kékeré tó dé tẹ́ṣàn lọ́jọ́ kìíní, tó kàn jókòó, lè ṣe ohun tí àgbà lọ́yà tó wọ kóòtù lọ́dún kejì kò ní rí ṣe mọ́.

Èkejì ni irú ẹjọ́ tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí pé ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹjọ́ ni wọn yóò tẹ́wọ́ gbà. Ẹ̀kẹta ni iye tí gbogbo rẹ̀ máa ná ẹbí títí dé òpin, kì í ṣe iye tí wọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìdúróṣinṣin: ṣé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà ló máa parí rẹ̀? Ìbéèrè yìí wúwo ju bí ó ṣe rí lọ, torí pé bí wọ́n bá gbé adájọ́ lọ síbòmíràn tàbí wọ́n gbé e ga, ìgbẹ́jọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. ACJA gbìyànjú láti jẹ́ kí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga tí wọ́n bá gbé lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn padà wá parí ẹjọ́ tó ti dé ìdajì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé abala náà ní 2020. Ẹ̀karùn-ún ni ẹni tó ń san owó oṣù agbẹjọ́rò náà.

Lọ́yà tí a fi owó wá

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọ̀nà tó yá tó èyí. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà lọ́yà lè pè é ní alẹ́, kó sì bá a ní tẹ́ṣàn láàárọ̀ kùtùkùtù, kò sí fọ́ọ̀mù tí a máa kọ́kọ́ kún, kò sì sí ẹni tó máa béèrè owó oṣù wa. Ó tún ní àyè láti wá ẹlẹ́rìí, láti ka fáìlì dáadáa, àti láti bá ẹbí jókòó. Lórí ẹjọ́ tó lọ́jú pọ̀, bíi ti owó báńkì tàbí ti ilẹ̀ tó di ọ̀ràn, ẹni tó bá lówó tó kò gbọ́dọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni owó ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni owó tí lọ́yà ń gbà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá yọjú sí kóòtù, a ń sanwó yìí àní bí adájọ́ kò bá jókòó lọ́jọ́ náà. Ìpẹ̀kun rẹ̀ ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo ohun tí ẹbí lè yàn: kí wọ́n sọ owó jọ, kí wọ́n gba lọ́yà tí agbára wọn kò ká dé òpin, kí owó tán lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ka ẹ̀sùn sí ọmọ wọn létí, kí lọ́yà má yọjú mọ́, kí ọmọ náà sì máa nìkan dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́ títí ẹnìkan yóò fi rántí pé OPD wà. Nígbà náà, olùgbèjà ìjọba tó gba ẹjọ́ náà á bá fáìlì tó ti dàrú, àwọn ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, àti ìwé ìjẹ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò takò nígbà tó yẹ.

Àwọn lọ́yà kan tún wà ní ẹnu ọ̀nà kóòtù májísíréètì tí aráàlú ń pè ní “charge and bail”. Mi ò ní bú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ẹ̀sùn kékeré, tó sì jẹ́ pé béèlì nìkan la nílò, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì mọ akọ̀wé kóòtù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ bi í bóyá ti béèlì nìkan ni owó náà tàbí ó kan ìgbẹ́jọ́, ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá tàbí ọmọṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ wo ìwé tó bá kọ sí kóòtù bóyá òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, wà lára rẹ̀, nítorí pé ayédèrú lọ́yà kò wọ́n nílùú.

Legal Aid Council

Òfin ọdún 1976 ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà bíi Chimezie Ikeazor ti jà fún un; èyí tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ni òfin ti 2011. Ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, èyí sì ni àǹfààní rẹ̀ tó ju ti OPD lọ: ẹni tó wà ní Òṣogbo, Àkúrẹ́ tàbí Abẹ́òkúta lè rí i nítòsí.

Àwọn tí òfin náà wà fún ni ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀, èyí tó jẹ́ 70,000 náírà láti 2024. Ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ṣì lè bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lè ní kó dá díẹ̀ nínú owó náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbà wà nínú òfin: ìpànìyàn, ìdigunjalè, ìfipábánilòpọ̀, olè jíjà, ìṣeniléṣe, ìjà ìgboro àti irú wọn. Wọ́n tún ń gba ẹjọ́ ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Ẹni tó bá ń wá lọ́yà fún àdéhùn òwò tó dàrú, kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe fún un níbẹ̀.

Ètò kan wà láàárín wọn àti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, nínú èyí tí agbẹjọ́rò máa ń lọ káàkiri àgọ́ ọlọ́pàá láti bá àwọn tó wà ní àtìmọ́lé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé kóòtù. Níbi tí ètò yìí bá ti ń ṣiṣẹ́, kò sí lọ́yà olówó tó yá jù ú lọ. Níbi tí kò bá sí, ẹbí ní láti lọ sí ọ́fíìsì fúnra wọn.

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni iye òṣìṣẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń gba owó oṣù níbẹ̀ kò tó nǹkan tí a bá wo iye ènìyàn tó ń wá wọn, ọ̀pọ̀ lára iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó ń sin ilẹ̀ baba wọn, àwọn kọ́pà. Kọ́pà kan lè já fáfá, kó fi gbogbo ọkàn ṣe é, ṣùgbọ́n ọdún kan ni ìsìnrú ìlú rẹ̀. Ẹjọ́ tó lo ọdún mẹ́rin lè ti ọwọ́ ẹni mẹ́rin kọjá, oníkálukú á sì máa bẹ̀rẹ̀ fáìlì kíkà lákọ̀tun. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ta ni òṣìṣẹ́ àgbà tí fáìlì yín wà lábẹ́ rẹ̀, òun sì ni kí ẹ máa lọ bá.

OPD ti ìpínlẹ̀ Èkó

Nígbà tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́, láàárín 1999 sí 2007, ni ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ́fíìsì yìí sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún olùgbé Èkó tí kò lágbára láti gba lọ́yà. Kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń bá aráàlú gba owó iṣẹ́ tí ọ̀gá kò san, wọ́n ń dá sí ọ̀ràn onílé àti ayálégbé, ogún, ìtọ́jú ọmọ, àti gbà-máà-bínú fún ẹni tí ọkọ̀ gbá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òwúrọ̀ wọn ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n bọ̀ láti Kirikiri, tí gbogbo ayé ń pè ní Black Maria, á wọlé. Wọ́n á kó àwọn olùjẹ́jọ́ sí yàrá onírin lẹ́yìn kóòtù, olùgbèjà tó gbé òkìtì fáìlì há abíyá á sì lọ dúró sẹ́nu irin náà, á máa pe orúkọ. Ẹni tó bá dáhùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ní láti sọ̀rọ̀ láàárín ariwo: ibo lo wà lọ́jọ́ náà, ta ló rí ọ, ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o wà níbí, ṣé a rí ẹni tó máa dúró fún ọ. Lẹ́yìn èyí ni kóòtù á kígbe, adájọ́ á wọlé, olùgbèjà náà á sì máa dìde fún ẹnìkan tẹ̀lé òmíràn títí ọ̀sán. Bí Black Maria kò bá wá, bóyá ọkọ̀ bàjẹ́ tàbí epo kò sí, gbogbo ìmúrasílẹ̀ ọjọ́ náà di ofo, wọ́n á sì tún ọjọ́ mìíràn dá. Ó lé ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tó jẹ́ pé wọn kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ara wọn ni àwọn tó ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kejì kò hàn sí ẹni tó wà níta. Agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pẹjọ́ ní ọlọ́pàá tó ń wádìí fún un, dókítà tó ń yẹ òkú wò fún un, àti ẹni tó lè kó ẹlẹ́rìí wá. Olùgbèjà kò ní ju fóònù rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Bí olùjẹ́jọ́ bá ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni òun wà nígbà tí wọ́n jalè náà, ẹnìkan ní láti lọ sí Mushin tàbí Àjẹgúnlẹ̀ lọ wá fọkanáísà náà, kó sì bẹ̀ ẹ́ kó wá jẹ́rìí. Níhìn-ín ni ẹbí ti wúlò jù, tí ẹbí tó bá sì jókòó sílé nítorí pé “ìjọba ti fún wa ní lọ́yà” ti ń fi ọwọ́ ara wọn ba ẹjọ́ jẹ́.

Síbẹ̀, OPD ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní. Nínú ẹ̀sùn ńlá bí ìpànìyàn, kóòtù májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ohun tó ń ṣe ni kó fi olùjẹ́jọ́ sí àhámọ́, kí ọlọ́pàá fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pẹjọ́, ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, kí ìyẹn sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti jókòó sẹ́wọ̀n pẹ́, tó jẹ́ pé ìwé ìmọ̀ràn yìí nìkan ló fà á. Iléeṣẹ́ kan náà ni DPP àti OPD wà, olùgbèjà sì mọ yàrá tó yẹ kó ti béèrè fáìlì. Wọ́n tún mọ bí a ṣe ń dúnàádúrà lórí ẹ̀sùn, tí olùjẹ́jọ́ á gbà pé òun jẹ̀bi èyí tó fúyẹ́ kí wọ́n lè yọ èyí tó wúwo kúrò.

Àǹfààní yìí kan náà ni àwọn kan fi ń ṣe iyèméjì: ẹni tó ń pẹjọ́ àti ẹni tó ń gbèjà ń gba owó oṣù lápò kan. Lójú tèmi, nínú ẹjọ́ láàárín aráàlú àti aráàlú, kò yẹ kí ìyẹn dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ fà lọ sí kóòtù, ẹ wá ibòmíràn.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà lọ́fẹ̀ẹ́

FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tó wà ní Nàìjíríà láti 1964, ló yẹ kí obìnrin tí ọkọ ń lù tàbí tí wọ́n fi ọmọ dù kọ́kọ́ wá. LEDAP, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti gba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Women's Law Clinic ti ń ran àwọn obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ láti 2007. Ẹ̀ka NBA kọ̀ọ̀kan náà ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn agbẹjọ́rò tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń sáré láti tẹ́ṣàn dé tẹ́ṣàn ní Èkó, tí ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún wọn.

Bí ẹgbẹ́ bá gba ẹjọ́ kan, ọkàn ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ló ń yan ẹjọ́ tí wọn yóò gbà, ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò bá sí lára ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún lè má rí wọn, owó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà sì lè gbẹ nígbàkigbà.

Kí ènìyàn dá gbèjà ara rẹ̀

Ìwé òfin gbà á láyè. ACJA kò gbà á láyè fún ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ lè yọrí sí ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ewu tó wà nínú ẹ̀sùn kékeré ni ti “sọ pé o jẹ̀bi kó o máa lọ sílé”, tí àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti di ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú ìwé.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó bá lè san owó lọ́yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdájọ́ láìta ilé, kó gba lọ́yà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀sùn sì wúwo, kó má ṣe fi owó tó ní gba ìdajì lọ́yà. Kó gba OPD lọ bó bá wà ní Èkó, tàbí Legal Aid Council bó bá wà níbòmíràn, kó sì fi owó náà ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́rìí àti ìwé oníduro. Bí àyè bá wà láti san ti ọjọ́ kìíní nìkan, tẹ́ṣàn ni kí lọ́yà olówó náà lọ, kí ó jókòó ti afurasí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí olùgbèjà ìjọba sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti kóòtù lọ. Kò sí ohun tó lòdì sí òfin nínú ìyẹn, kò sì sí ibi tí owó kékeré ti ṣiṣẹ́ tó o.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ gbèsè, owó ilé tàbí aáwọ̀ àárín ìdílé, kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá rárá, nítorí pé òfin kò fọwọ́ sí kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Citizens' Mediation Centre ní Èkó ń parí irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Obìnrin tí wọ́n hùwà ipá sí, FIDA ni kó kọ́kọ́ lọ bá. Ẹni tó ti wà lẹ́wọ̀n pẹ́ láìsí ẹjọ́, kí ẹbí rẹ̀ bá OPD tàbí Legal Aid Council sọ ọ́ kí orúkọ rẹ̀ lè wà nínú ìwé nígbà tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ bá wá bẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò, nítorí pé òfin fún un láṣẹ láti dá irú wọn sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá lọ bá, ẹ mú àwọn nǹkan wọ̀nyí dání: orúkọ tẹ́ṣàn, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti mú un, orúkọ àti nọ́ńbà IPO, nọ́ńbà ẹ̀sùn bó bá ti dé kóòtù, ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, àti orúkọ ẹni méjì tó lè dúró fún un. Ní Èkó, kóòtù sábà máa ń béèrè ìwé owó orí oníduro. Bí ẹnikẹ́ni ní tẹ́ṣàn bá sọ pé obìnrin kò lè dúró fún ènìyàn, ẹ sọ fún un pé ACJA ti ní kí wọ́n má ṣe kọ oníduro nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.